Ìwé Tí Kò Bá Mẹkáníìkì Sọ̀rọ̀: Lórí Gbígbé Ẹsẹ̀ Jíìpù Sókè ní Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan olùkọ́ èdè rárá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ jíìpù àtijọ́ tí ènìyàn fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè nínú ọgbà ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àti pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Ẹni tó bá mọ ìlú wa yóò jẹ́rìí sí i pé títì olọ́dà wà ní Àlàgbàká àti ní òpópónà Ọba Adésídà, ṣùgbọ́n bí a bá ti yà kúrò lójú títì ńlá, tí a forí lé àwọn àdúgbò tuntun lọ́nà Ọ̀dà tàbí lọ́nà Ìjọ̀kà, ilẹ̀ pupa, kòtò àti òkúta ni yóò pàdé wa. Ẹni tó ní oko kòkó ní agbègbè Ìdànrè kò tilẹ̀ ń retí títì rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn arìnrìn-àjò sì fi ké lórí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì. Ìdí nìyí tí jíìpù fi pọ̀ láàrin wa, tí kì í ṣe nítorí fáàrí nìkan. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí 460 sí dọ́là kan títí ó fi kọjá 1,500 kí ọdún tó yípo, olùkọ́ mélòó ló tún lè ra ọkọ̀ mìíràn? Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni a ń tún ṣe. Bí ilẹ̀ kò bá gòkè wá bá ọkọ̀, a ó gbé ọkọ̀ sókè kúrò nílẹ̀.

Ọkọ̀ tèmi ni Toyota 4Runner ti ọdún 1999. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á, ó sì ti sìn mí pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jókòó. Bí a bá kó ìwé àti ọmọ sí i lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á máa gbálẹ̀ ní gbogbo kòtò àdúgbò wa. Mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan nínú ìlú. Wọ́n ki sípésà tó nípọn tó ínṣì 2 sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú ní apá méjèèjì, wọ́n sì gé táyà àlòkù, wọ́n fi há àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn. Nígbà tí mo padà lọ gbé e, jíìpù náà dúró gàgàrà bí ẹṣin ọba. Inú mi dùn, mo sanwó, mo sì dúpẹ́.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí èmi àti ọmọbìnrin mi ń lọ sí Oǹdó. A ti kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Mo dẹ eré ọkọ̀ sílẹ̀ láti la kòtò kan kọjá, ni mo bá gbọ́ ìró kan lábẹ́ wa, gbàù! Ọkọ̀ doríkodò sí apá ọ̀tún. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, táyà iwájú ọ̀tún ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó kán lórúnkún. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ló ti fà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ara wa le, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú títì tó já gaara ni a wà, tí a ń sáré ní 100 kìlómítà láàrin wákàtí kan, ẹlòmíràn ni ìbá máa kọ̀wé nípa mi lónìí.

Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà. N kò bá ìjà lọ, mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Kò bá mi jiyàn. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó sì mú ìwé pélébé kan jáde, ojú ìwé méjì tó bá sípésà náà wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ kedere pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó má ṣe gbé ọkọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, kí ó sì kọ́kọ́ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì wò. Mo bi í léèrè bóyá ó kà á. Ó wò mí lójú, ó ní: “Dọ́kítà, ẹ má bínú. Mo rí ìwé náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbólóhùn yẹn gún mi ju ẹ̀rù ọjọ́ náà lọ. Òpè kọ́ ni ọkùnrin yìí. Bíbélì Yorùbá kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tí gbogbo etí rẹ̀ ti dúdú fún epo ọkọ̀. Òun ló ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ìjọ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó mọ̀wé kà, èdè tirẹ̀ ni ó sì fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1884 ni Bíbélì ti wà lódidi ní èdè Yorùbá, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé kò sí ìjìnlẹ̀ ọ̀run tí èdè wa kò lè gbé. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé èdè tó gbé ìwé Ìfihàn kò rí ojú ìwé méjì gbé nípa nọ́ọ̀tì àti bóòtì?

N kò dá mẹkáníìkì náà lẹ́bi. Àwa ni mo dá lẹ́bi, àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè. Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ojú ìwé nípa ohùn àti ìpàrójẹ, mo sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí bóyá ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kan wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tó lè mú kí táyà ọkọ̀ kan dúró sí àyè rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀: ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò kọ sílẹ̀ ní èdè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lè pa ènìyàn, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò.

Wọ́n sì pọ̀, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó gba èdè abínibí mú jù ni ọmọ ti ń kùnà ìdánwò. Ọdún mẹ́ta péré! Àgbàdo tí a kò tíì ro abẹ́ rẹ̀ ni a ti hú tà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́fà gbáko ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ìwádìí àwọn àgbà nìkan jà. Jíìpù mi ni mo fẹ́ fi jà.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo pinnu pé n ó tún iṣẹ́ náà ṣe nílé, lójú ara mi. Mo wá bàbá mẹkáníìkì kan rí, ọmọ Oǹdó, ìlú tí a ti ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ kò sì fi irin ṣeré. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìpànù kan wà láàrin wa: mo ní kí a jọ ka ìwé òkèèrè náà, kí èmi máa sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn sì máa sọ fún mi bí mo bá ti ṣì í sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ̀yin fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ gbà mí lọ́mọ iṣẹ́.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé àwọn mẹkáníìkì ti ṣe iṣẹ́ wa fún wa tán. Gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, láti orí sípíríǹgì dé ṣọ́ọ̀kì, apá irin àti búṣì, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é: ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa dún, ó lè gbó, ó lè jókòó. Bí ọkọ̀ kò bá rìn tààrà, wọn á ní ó ń fa apá kan. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Ní ọdún 1984 ni ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, n kò sì lè kéré rẹ̀, nítorí òun ló fún wa ní èdè tí a fi ń kọ́ni nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìwé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ sí. A jókòó sínú yàrá, a ń hun ọ̀rọ̀ fún ara wa, nígbà tí àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń hun ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú láìsí ìpàdé, láìsí olóòtú. Ta ni nínú wa ló lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àti bírò?

Ohun kejì tí mo kọ́ ni àṣìṣe tó fẹ́ pa wá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ rò pé bí òun bá ki ínṣì 2 sókè, ínṣì 2 ni ọkọ̀ yóò fi gòkè. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbé ìka wọn lé àárín ilẹ̀kùn, wọ́n sì tì í díẹ̀. “Ẹ wo etí ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún. Ṣé ibi tí ìka mi rìn dé ni òun náà rìn dé?” Ní òtítọ́, bí ìka ṣe rìn ínṣì kan ni etí ilẹ̀kùn rìn tó ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ iwájú 4Runner yìí rí. Ìdí apá irin ìsàlẹ̀ dà bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, táyà wà létí rẹ̀, nǹkan bí àárín rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì sì dúró lé. Sípésà ínṣì 1 lókè ṣọ́ọ̀kì yóò gbé ọkọ̀ ní nǹkan bí ínṣì 2. Ínṣì 2 tí wọ́n ki sí tèmi gbé e ní nǹkan bí ínṣì 4! Ṣáàfù tó ń yí táyà wá dagun kọjá àlà, apá irin rọ̀ sísàlẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú irú ọkọ̀ yìí, ìwúwo ọkọ̀ ń fa bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ni, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò rẹ̀. Bí ó bá ti gbó tẹ́lẹ̀, yíyọ ni yóò yọ.

Ẹ sọ fún mi, kí ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀? Ilẹ̀kùn kan, ìka kan, ó sì parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mi dúró tì wá, ó sì yé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Èyí ni bí a ṣe ṣe é, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ àti bí mo ṣe kọ ọ́.

Èkíní, kí ọkọ̀ dúró lórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, kí a fi igi tàbí òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Gbígbé ni iṣẹ́ jáàkì, ìdúró kọ́. Irin ìdúró ni kí a fi gba ara ọkọ̀ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e.

Èkejì, kí a tó tú ohunkóhun, kí a wọn ọkọ̀ láti àárín gbùngbùn táyà dé etí irin tó bò ó lókè, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀ kò ní mọ ibi tó dé.

Ẹ̀kẹta, kí a mi bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì wò. Bí ó bá ń ṣe yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀, kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Owó sípésà kò gbọdọ̀ ṣáájú owó bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì.

Ẹ̀kẹrin, kí a tú líńkéèjì, kí a tú bóòtì tó di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú àti nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ yíká, kí a sì yọ ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀ lódidi. Nọ́ọ̀tì ńlá tó dá dúró láàrin gbùngbùn orí ṣọ́ọ̀kì, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Òun ló tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Bí a bá tú u láìsí irin tí a fi ń di sípíríǹgì mú, yóò fò jáde bí ọta ìbọn, ó sì lè gba ojú tàbí ẹ̀mí ẹni tó tú u.

Ẹ̀karùn-ún, sípésà irin ínṣì 1, èyí tí a ṣe fún irú ọkọ̀ náà, ni kí a gbé lé orí ṣọ́ọ̀kì kí a tó dá a padà. Kì í ṣe igi, kì í ṣe táyà gígé. Igi á là, táyà á fún pọ̀, yóò sì yẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kẹfà, ní ẹ̀yìn, sípíríǹgì tuntun tó ga ni kí a fi rọ́pò èyí tó ti rẹ̀. Bí a bá ń sọ irin ẹ̀yìn kalẹ̀ láti yọ ti àtijọ́, kí ẹnì kan máa wo rọ́bà bíréèkì, kí ó má fà títí yóò fi já.

Èkeje, bóòtì tó gba inú búṣì kọjá, kí a má ṣe fún un le títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi tẹlẹ̀ tí ọkọ̀ yóò sì jókòó sórí ara rẹ̀. Bí a bá fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì rọ̀ sísàlẹ̀, rọ́bà búṣì náà á máa yí lọ́rùn ní gbogbo ìgbà, kò sì ní pẹ́ ya.

Ẹ̀kẹjọ, kí a tún ọkọ̀ wọ̀n, kí a gbé e lọ fún aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, kí a dojú iná iwájú kọlẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa fọ́ àwọn ẹlòmíràn lójú lóru. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, kí a tún yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà wá, nítorí ọ̀pọ̀ bóòtì ló ti dípẹtà, tí Bàbá sì ti da epo sí wọn láti àṣálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí a tún un wọ̀n, ọkọ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà 5 gòkè. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún 2001 ni àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà ti ń kéde bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lè tètè gbókìtì tó. Ìṣirò wọn rọrùn: wọ́n á fi gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí pín ìdajì fífẹ̀ tó wà láàrin táyà ọ̀tún àti ti òsì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ìdajì fífẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, tí ìwúwo sì kó jọ sí sẹ̀ǹtímítà 70 láti ilẹ̀, 1.07 ni ìdáhùn. Bí a bá gbé e sókè ní 5, yóò di 1.00. Bí a bá gbé e ní 10, yóò di 0.94. Ọkọ̀ gíga tó ń sáré níbi ọ̀nà tó kọ́rọ́, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ tún rí i, ìṣirò ni mo ṣe tán yìí, Yorùbá ni mo sì fi ṣe é.

Ó kù kí n dá àwọn alátakò lóhùn, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń wí lábẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Yorùbá wo ni ìwọ kọ? Nọ́ọ̀tì, bóòtì, búṣì, sípíríǹgì, gbogbo rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.” Mo gbà pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni garage? Ta ni ó ni chassis, àti chauffeur? Faransé ló ni ín, Gẹ̀ẹ́sì sì yá wọn láìsunkún. Kò sí ẹni tó sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ni níṣẹ́ ọkọ̀ nítorí ìyẹn. Àwa náà yá àlùbọ́sà, àlàáfíà àti àdúrà, a sì ń jẹ wọ́n, a ń fi wọ́n kíra. Èdè kì í kú nítorí ọ̀rọ̀ tó yá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pa á. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ orúkọ ni a yá. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là nínú ìlànà yẹn, “má ṣe fọwọ́ kàn án”, “kọ́kọ́ mì ín wò”, “títí táyà yóò fi tẹlẹ̀”, Yorùbá ni gbogbo wọn. Àwọn gan-an ni mẹkáníìkì wa kò rí kà.

Àwọn mìíràn á ní àwọn oníṣẹ́ kò nílò ìwé, ojú ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Òtítọ́ ni pé ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú kò lè kọ́ ohun tí ọ̀gá ẹni kò tíì rí rí. Nígbà tí ọ̀gá ọ̀gá wọn ń kọ́ṣẹ́, kò sí sípésà lọ́jà. Ohun tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó bá a wá. Ìwé náà ni a kì í kà, tàbí tí kì í bá wa sọ̀rọ̀.

Àwọn kẹta, àwọn òbí tí mo bọ̀wọ̀ fún, á ní Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé ọmọ dé òkè òkun. Ẹ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́ wọn dáadáa, èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, inú ọkọ̀ wo ni yóò gbà dé pápákọ̀ òfuurufú? Ọwọ́ ta ni bíréèkì ọkọ̀ náà wà? Ọwọ́ ẹni tó ń ka Yorùbá ní ìjọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ọ̀dọ̀ tiwa ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kò ṣaláìní ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí a ti ń kọ́ni ní Yorùbá sì wà. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní gbogbo ilẹ̀ yìí ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgbéyẹ̀wò ìwé ìtàn-àròsọ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gbé yẹ̀ wò rí. Kí ló dé tí a kò fi rán ẹnì kan nínú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta? Kí ó kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan jókòó tì í láti yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, kí àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé ìlànà olójú ìwé ogún nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀, òmíràn nípa bíréèkì, òmíràn nípa iná. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà lè fi ìwé Yorùbá pélébé kan sínú páálí ọjà wọn. Kò wọ́n tó owó ìsìnkú ẹnì kan.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ àwọn ìlànà mẹ́jọ tí ẹ kà tán yìí sórí ìwé pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ fún mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ kan, ó sì kà á sókè ketekete bí ìgbà tó bá ń ka ẹ̀kọ́ kíkà. Nígbà tó dé ibi ìlànà kẹta, ó dákẹ́. Ó tún un kà. Ó wá pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ wá gbọ́ nǹkan.” Nígbà tó kà á fún wọn tán, ó lọ mú ìṣó àti òòlù, ó sì kan án mọ́ ara ògiri.

Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ó ku tiyín. Ire o.